Ọjọ́ Tí A Bá Ajubọ́ọ̀lù Wa Lọ Sí Ewékorò

Ibùdókọ̀ Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta kì í sùn tán. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni mo ti débẹ̀, mo sì bá àwọn tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ Èkó lẹ́nu iṣẹ́. Inú kùrukùru ni ohùn wọn ti ń jáde, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Èmi kò lọ sí Èkó. Ewékorò ni mò ń lọ, ibi tí ẹni tó bá jẹun àárọ̀ nílé lè lọ kó sì padà wá jẹ tọ̀sán, bí ọ̀nà bá dára. Ọ̀nà kò dára.

Bọ́ọ̀sì funfun kan ló ń dúró dè wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù onítáyà. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni olólùfẹ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nílùú wa. Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Tàwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù. Ó rí bí èso kòkó, ó ṣe ṣónṣó lórí, ó ṣe ṣónṣó nídìí. Ẹnì kan wà láàrin àwọn eléré tí wọ́n ń pè ní kọ́tábáàkì. Èmi yóò máa pè é ní ajubọ́ọ̀lù, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Yóò dúró lẹ́yìn, yóò wo iwájú, yóò sì ju bọ́ọ̀lù sí ọ̀kan nínú àwọn ahánbọ́ọ̀lù tó ti sáré lọ. Ẹni tó bá hán an yóò máa sá lọ títí ẹnì kan yóò fi já ribọ́n tó so mọ́ ìbàdí rẹ̀. Bó bá kọjá ìlà òpin pápá kí wọ́n tó já a, ó wọlé nìyẹn. Mo gbọ́ pé ní Amẹ́ríkà ṣe ni wọ́n máa ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀.

Àdìrẹ ni ribọ́n ẹgbẹ́ wa. Alhaja Sìmíátù ló rán an. Ìtòkú ni obìnrin yìí ti ń ta aṣọ, níbi tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti tà á ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, kóòṣì wá sí ìsọ̀ rẹ̀ láti ra àjákù aṣọ, Alhaja sì ní òun gbọ́dọ̀ rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọjà òun ṣe. Ó tẹ̀lé wọn dé pápá lọ́jọ́ kan. Ọkọ rẹ̀ ní láti ọjọ́ náà, ìyàwó òun kò tíì padà sílé. Òun ni olórí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà báyìí, àga tó wà lẹ́yìn awakọ̀ sì ni tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀.

Ohun tó mú èmi tí mò ń kọ ìròyìn fún ìwé ìròyìn kan bá wọn lọ nìyí. Ṣínà, tó ti ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà tipẹ́, farapa lọ́wọ́ nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ọmọdé kan tó ń jẹ́ Ọ̀ṣágbèmí sí àyè rẹ̀. Ní báyìí ọwọ́ Ṣínà ti san, kóòṣì sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé eré Ewékorò ni òun yóò fi yan ẹni tí yóò máa jù ú títí sáà yóò fi parí. Bí Ọ̀ṣágbèmí bá yege, àyè di tirẹ̀. Bí kò bá yege, orí bẹ́ǹṣì ni.

A gbéra. A gba ọ̀nà Láfẹ́nwá. Nígbà tí a dé orí afárá, a kò rí odò Ògùn. Kùrukùru ti bò ó, ó funfun láti bèbè dé bèbè, ó sì dà bíi pé lórí òwú ni bọ́ọ̀sì wa ń rìn.  Múfú tó ń wa ọkọ̀ nìkan ló sọ̀rọ̀, ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, òun gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ìkùukùu sí.

Ní ibùdókọ̀ Láfẹ́nwá, ọkùnrin àgbàlagbà kan wọlé. Dàńṣíkí ló wọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé àpò ọ̀rá kan dání. Ó kí wa kú òwúrọ̀, ó ní ọmọ kan lòun fẹ́ lọ wò ní Ewékorò. Kò sẹ́ni tó bi í pé ọmọ wo. Ó jókòó tì mí.

Ìta Òṣìn kò tíì tán tí àríyànjiyàn fi bẹ̀rẹ̀. Alhaja ló dá a sílẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ yẹn ní apá. Ojú ni kò ní."

Tóbi dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún fóònù ṣe ni, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ló ti jáde, ó sì fẹ́ràn Ọ̀ṣágbèmí dé ibi pé ó ti bá ènìyàn méjì jà nítorí rẹ̀. "Alhaja, ẹ rọra. Apá ló máa ń kọ́kọ́ dé, ojú á tẹ̀lé e."

"Ojú tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Ìmẹ̀kọ? Ṣé o ò sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Sọ̀díìkì dá wà lápá òsì bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sọ́jà, ó ń juwọ́ bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Ta ló rí i?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àwọn ahánbọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn gbà pé Sọ̀díìkì yára, pé ọmọ Láfẹ́nwá ni, ó ti ń sá fún ọ̀kadà láti kékeré. Dèjì ga, ó ń hán bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń ká máńgòrò, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì í pẹ́ lójú kan. Káyọ̀dé ni àgbà wọn, ọdún yìí ni yóò jáde. Ó mọ iṣẹ́ náà ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti ń ké. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Káyọ̀dé ni Ọ̀ṣágbèmí máa ń jù ú sí nígbà gbogbo. Ẹnì kan ní ẹ̀rù ló ń ba ọmọ náà. Ẹlòmíràn ní bóyá Káyọ̀dé ti fi nǹkan sí i lóúnjẹ, a sì rẹ́rìn-ín.

Mo yíjú sí bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo béèrè bóyá ó mọ eré náà. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé òun kò wò ó rí, pé iṣu àti gbágùúdá lòun ń gbìn. 

Ó ní, "Èmi ni mo bí èyí tí wọ́n ní kò lójú."

Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́. Mo fẹ́ sọ fún Alhaja, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bí wọ́n bá mọ̀ pé mo wà níbí, oríkì lásán ni wọn ó máa kì í, n ò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́."

Láti Ọbàdá lọ, ọ̀nà di kòtò. Àwọn ọkọ̀ tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì ti tẹ ọ̀dà ojú ọ̀nà títí ó fi ká bí ẹní. Múfú ń rọra yí àwọn kòtò náà ká, nígbà mìíràn yóò gba ọwọ́ àwọn tó ń bọ̀, àwọn náà yóò sì gba tiwa, inú ò bí ẹnikẹ́ni. Oorun gbé ọ̀pọ̀ nínú wa. Mo la ojú nígbà kan, mo rí ọmọbìnrin tó ń ta àgbàdo sísun lẹ́bàá ọ̀nà, igba náírà ẹyọ kan. Mo tún là á, mo rò pé a ò tíì kúrò lójú kan, àfi pé àgbàdo ti di ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo mọ̀ pé a ti dé Ewékorò nígbà tí àwọn igi di funfun. Èérú sìmẹ́ńtì ló wà lórí ewé, lórí páànù, lórí ẹ̀yìn ewúrẹ́. Oòrùn ti yọ, ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ ló rí. Bàbá Ọ̀ṣágbèmí wo ìta títí, ó fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Ó ní òrìṣà ilé àwọn, tó fẹ́ràn funfun, kò gbọ́dọ̀ rí ibí yìí, yóò kó ẹrù rẹ̀, kò sì ní padà wálé mọ́.

Àwọn tó gbà wá lálejò ṣe dáadáa. Ní pápá tiwa ní Abẹ́òkúta, ojú oòrùn là ń fi àlejò sí. Abẹ́ igi ni wọ́n fi wá sí, wọ́n gbé omi tútù àti ẹ̀pà wá, wọ́n sì fi àwo bo ẹnu korobá omi, nítorí ohunkóhun tí èèyàn bá ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, èérú ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mo tún kíyè sí nǹkan kan. Àwa a máa kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, débi pé ajubọ́ọ̀lù tiwa fúnra rẹ̀ kì í gbọ́ ohun tó ń sọ. Àwọn ará Ewékorò, bí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ọmọ tiwọn, wọn á pa lọ́lọ́. Bó bá dé ọwọ́ ọmọ tiwa, wọn á máa lu páànù.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ọ̀ṣágbèmí rí tẹ́ẹ́rẹ́, apá rẹ̀ gùn, ó sì ní ìfarabalẹ̀ ẹni tó ti dúró pẹ́ lóko. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ju bọ́ọ̀lù náà, mo gbàgbé pé iṣẹ́ ni mo wá ṣe. Bọ́ọ̀lù náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìní ariwo, ó gòkè, ó yí, ó sì dúró lófuurufú bíi pé ó ń ronú ibi tí yóò sọ̀ sí. Káyọ̀dé ló sọ̀ sí lọ́wọ́. Ìgbà kejì, Káyọ̀dé. Ìgbà kẹta, Káyọ̀dé. Ó ń hán an, ṣùgbọ́n kó tó gbé ẹsẹ̀ méjì, wọ́n ti já ribọ́n rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ará Ewékorò fi mòye, wọ́n fi ènìyàn méjì ṣọ́ ọ. Ní apá òsì, Sọ̀díìkì dá dúró nínú èérú funfun, ó ń juwọ́. Tóbi bo ojú rẹ̀.  Nígbà tí fèrè ìsinmi dún, wọ́n ti gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà wa lẹ́ẹ̀mejì. Àwa kò tíì kọjá tiwọn rárá.

Ọwọ́ Ṣínà kò dúró sójú kan lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti ń nà án, ó ń gbọ̀n ọ́n. Gbogbo wa rí i, bàbá náà sì rí i.

Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé èwo ni Káyọ̀dé. Mo tọ́ka sí i. Ó béèrè bóyá ó ju ọmọ òun lọ lọ́jọ́ orí. Mo ní ó jù ú lọ dáadáa. Ó mi orí, ó ní, "Ó ti yé mi. Kì í ṣe ojú." Ó dìde. Mo tẹ̀lé e.

Mo rò pé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń lọ. Ó kọjá lẹ́yìn ọmọ náà, tí ọmọ náà dorí kodò, tó ń mu omi, kò sì rí i. Ọ̀dọ̀ Káyọ̀dé ló lọ. Ó sọ ẹni tí òun jẹ́ fún un, Káyọ̀dé sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú èérú náà, ó dìde, àyà rẹ̀ funfun. Bàbá náà kò pariwo, ṣùgbọ́n mo wà nítòsí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi ò lè kọjá rẹ. Ilé ni mo ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kò jẹun rí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bu òkèlè. N ò lè wá dúró níbí kí n sọ fún un pé irọ́ ni mo pa. Ìwọ nìkan lo lè tú u sílẹ̀."

 Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lójú Káyọ̀dé, nítorí mo wò ó dáadáa. Sáà yìí ló kẹ́yìn fún un. Ẹni tí bọ́ọ̀lù ò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó ń wò ó. Ó wo orúnkún rẹ̀, ó wo Sọ̀díìkì tó ń fi ìbínú tún okùn bàtà rẹ̀ so. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ ṣé, bàbá," ó sì padà sáàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdá kejì, wọ́n pagbo, wọ́n forí korí bí ìṣe wọn. N ò lè gbọ́ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀. Sọ̀díìkì ló sọ fún mi nígbà tó yá. Ó ní Káyọ̀dé wo Ọ̀ṣágbèmí, ó sì sọ pé, "Mo ti mú tèmi. Máa pín in fún àwọn tó kù."

Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n ní láti là á yé. Ọmọdé ló ń pín ẹran, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Bí àgbà kò bá tíì mú, ọmọdé tó pín in kò gbọ́dọ̀ na ọwọ́ sí ẹlòmíràn. Sọ̀díìkì ní ṣe ni Ọ̀ṣágbèmí mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù.

Bọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ jù lẹ́yìn náà, apá òsì ló lọ. Sọ̀díìkì ti ń sáré kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó hán an láìwẹ̀yìn, ó sì lọ, ribọ́n àdìrẹ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ọwọ́ tó kàn án. A pariwo débi pé èérú sọ̀ láti orí igi wá sórí wa. Dèjì ló gbé èkejì wọlé. Alhaja ti dìde, gèlè rẹ̀ ti wọ́, kò sì mọ̀. Àwọn ará Ewékorò tún wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá ku ìgbìyànjú kan ṣoṣo fún wa. Bí a bá wọlé, ọ̀mì ni. Bí a ò bá wọlé, ó parí.

Wọ́n ti mọ Sọ̀díìkì báyìí, àwọn méjì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnì kan dúró níwájú Dèjì. Ọ̀ṣágbèmí wo òsì, ó wo àárín, ó sì yíjú sí ọ̀tún, níbi tí Káyọ̀dé ń sáré lọ ní igun, tí kò sí ẹni tó kà á kún. Ó jù ú.

N kò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó lókè. Páànù dákẹ́. Bọ́ọ̀lù náà gba inú ìmọ́lẹ̀ funfun náà kọjá jẹ́jẹ́, ó ń yí, ó ń yí, mo sì rí i pé ibi tó ń lọ ni igun náà gan-an, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Káyọ̀dé na ara rẹ̀. Orí ìka rẹ̀ kàn án. Bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀, èérú díẹ̀ sì dìde níbẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ ẹnu sórí ìyẹ̀fun.

A padà sínú ọkọ̀. Alhaja ló sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn. Ó ní ọmọ náà ti padà síbi tó ti ń bọ̀. Wọ́n fún un lójú fún ìdá kan, nígbà tó kan èyí tó ṣe pàtàkì, ó tún gbé e fún àgbà.  Bàbá náà ń wo ojú fèrèsé. Ó bi mí ní ohùn kẹ́lẹ́ pé kí ni èmi rí. Mo ní mo rí Káyọ̀dé tó dá wà. Ó ní òun náà rí i bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni bàbá.

Ní Ìtórí a bá bọ́ọ̀sì àwọn eléré níwájú búkà kan. A sọ̀kalẹ̀. Láfún àti ọbẹ̀ ilá pẹ̀lú ẹja, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà. Ní Kútọ̀, iye yẹn kò ní kan ẹja. Kóòṣì jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, Ṣínà wà lápá kan, Ọ̀ṣágbèmí wà lápá kejì, kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ. Alhaja kò dúró kí wọ́n gbé tirẹ̀ wá. Ó lọ dúró síwájú ọmọ náà.

"Kí ló dé tó o fi padà sọ́dọ̀ rẹ̀?"

Ọ̀ṣágbèmí dìde, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n nìkan ló dá wà, mà."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n. Láti àárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ti dá wà?"

Kóòṣì gbójú sókè. Mo rí i pé ìbéèrè tirẹ̀ náà nìyẹn, pé ibẹ̀ ni yóò ti mọ ẹni tí yóò yàn.  Káyọ̀dé ló fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú àwo, ó nù ún.

Ó ní, "Alhaja, ẹ má bá a wí. Gbogbo èyí tó jù sí mi torí pé mo jẹ́ àgbà ni mo hán. Ẹyọ kan ló jù sí mi torí pé ó rí mi. Ibi tó yẹ kí n wà ni bọ́ọ̀lù wà. Èmi ni n ò tètè débẹ̀."

 Alhaja dúró, ó wo Káyọ̀dé, ó wo orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá síbẹ̀.  Kóòṣì sọ fún Ṣínà pé kó ní sùúrù sí i, ó sì sọ fún Ọ̀ṣágbèmí pé kó jẹun, pé ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù títí sáà yóò fi parí kò gbọ́dọ̀ máa gbààwẹ̀. Tóbi gbé omi mu bí ẹni pé òun ni wọ́n yàn.

Ìgbà náà ni ọmọ náà rí bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Alhaja rí ibi tó ń wò, ó wo ìlẹ̀kẹ̀ funfun náà, ó wo ojú àwọn méjèèjì tó jọra bí ìbejì, ó sì mọ ẹni tó ti jókòó lẹ́yìn òun láti Láfẹ́nwá. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ fi mí ṣeré láti àárọ̀," bàbá náà sì dá a lóhùn pé apá tí wọ́n kọ́kọ́ yìn, òun gba ìyìn yẹn, kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ojú kù sí Ewékorò.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a padà dé Láfẹ́nwá. Kùrukùru òwúrọ̀ ti lọ, odò sì wà níbẹ̀, ó pupa, ó ń ṣàn lọ. Bọ́ọ̀sì méjèèjì dúró kí bàbá náà lè sọ̀kalẹ̀. Mo ti wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo lọ, bóyá ọmọ náà lójú. Ó lójú. Ohun tí n ò mọ̀ kí n tó kúrò nílé ni pé ojú ọmọdé lè ṣí kedere kí ọwọ́ rẹ̀ ṣì máa dúró de àgbà, àti pé kò sí kóòṣì tó lè fọn fèrè sí i. Àgbà ni yóò yà lọ́nà fún un.

Ọ̀ṣágbèmí bọ́ sílẹ̀ láti gbé àpò bàbá rẹ̀ dé ibi tí yóò ti wọ ọkọ̀ abúlé. Káyọ̀dé náà sọ̀kalẹ̀, ó ń tiro díẹ̀. Ọmọ náà dúró kó lè lọ ṣáájú. Káyọ̀dé gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn, ó tì í síwájú, wọ́n sì wọ inú èrò lọ.